Ihò wẹẹrẹ ní iwájú apá: bí ariwo afẹ́fẹ́ ṣe ń rọlẹ̀ kó tó di ariwo

Bí ẹnìkan bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi ihò sí iwájú apá bàálù kí ariwo rẹ̀ lè dínkù, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni fóòmù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Á ní àwọn ihò náà ń gbé ariwo mì ni. Èrò yẹn bọ́gbọ́n mu, àmọ́ díẹ̀ péré ló jẹ́ òótọ́ nínú rẹ̀. Fóòmù ara ògiri ń dúró de ohùn tó ti jáde. Ihò iwájú apá ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ kí ohùn náà tó jáde rárá. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí á máa wá ihò sí ibi tí ihò kò ti lè ràn án lọ́wọ́, ẹnu á sì yà á pé ariwo kò yí padà.

Kì í ṣe apá bàálù nìkan ni mo ń sọ o. Ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe kí iwájú rẹ̀ rí roboto díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tín-ín-rín, tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá, apá ni mo máa pè é: apá fáànù, apá tọ́báìnì tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná mànàmáná, apá tó ń yí lórí dúróònù, àti àwọn apá wẹ́wẹ́ tó kún inú ẹ́ńjìnnì bàálù. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ kàn án ni etí iwájú. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti fi í sílẹ̀ ni etí ẹ̀yìn.

Ta ló ń pariwo gan-an?

Ohùn ni kí ìfúnpá afẹ́fẹ́ máa lọ sókè sódò, kí lílọ-bíbọ̀ yẹn sì máa tàn ká títí yóò fi dé etí wa. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti nǹkan ní déédéé láìyí padà, bó ti wù kí títì náà lágbára tó, a ò ní gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí etí iwájú apá kì í fi í pariwo nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ṣàn geerege. Afẹ́fẹ́ ń gbé apá náà ró lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe gbé e ró lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbé e ró lọ.

Wàhálà dé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti dàrú kó tó dé ọ̀dọ̀ apá. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kún fún ààjà oríṣiríṣi, òmíràn tóbi bí ilé, òmíràn kò ju èékánná lọ, gbogbo wọn sì ń yí bí wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ààjà ń fẹ́ lọ sókè, ẹ̀gbẹ́ kejì ń fẹ́ lọ sísàlẹ̀. Tí ó bá dé etí iwájú, ńṣe ló máa dà bíi pé afẹ́fẹ́ ṣàdédé yí ibi tó ti ń wá padà. Agbára tó ń gbé apá ró á pọ̀ sí i, á já wálẹ̀, á tún pọ̀ sí i, ó lè tó ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pípọ̀ àti jíjá yìí ni afẹ́fẹ́ àyíká ń gbé lọ sọ́nà jíjìn, òun là ń pè ní ariwo.

Ní 1952, James Lighthill, ògbóǹtarìgì nínú ìmọ̀ ìṣirò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìṣirò bí afẹ́fẹ́ tó dàrú ṣe ń pariwo nígbà tí kò sí ohun líle kankan nítòsí rẹ̀. Ó rí i pé bí eré afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po 2, agbára ariwo rẹ̀ á di ìlọ́po 256. Ní 1955, olùwádìí mìíràn tó ń jẹ́ Curle fi ohun líle kún ìṣirò náà, ó sì rí i pé níbẹ̀, bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára ariwo á di ìlọ́po 64. Ẹni tó bá kánjú á ní 64 kéré sí 256, nítorí náà ohun líle ń dín ariwo kù. Òdìkejì ni. Ẹ ka ìṣirò náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀: tí eré bá já sí ìdajì, ariwo ààjà tó wà láìsí ohun líle á já sí ìdá kan nínú 256, àmọ́ èyí tó ń lu ohun líle á dúró sí ìdá kan nínú 64. Bí eré ṣe ń dínkù sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun líle ń gba ipò iwájú. Nínú fáànù, nínú tọ́báìnì afẹ́fẹ́, lára dúróònù, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sáré tó ohùn, ààjà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má lóhùn. Ohun líle tó bá pàdé ló ń yá a lóhùn.

Tí ohun líle bá jẹ́ ẹni tó ń yáni lóhùn, a jẹ́ pé tí a bá mú kó má le tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó yẹ kí ohùn náà rọ̀.

Etí méjì, ọ̀ràn méjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àlàyé ti máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ariwo etí iwájú àti ariwo etí ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní etí iwájú, ààjà wá láti ìta: ó lè jẹ́ ìjì ojú òfurufú, ó sì lè jẹ́ ìdàrúdàpọ̀ tí apá mìíràn tó ṣáájú fi sílẹ̀. Ní etí ẹ̀yìn, apá náà ló ṣẹ̀dá ààjà tirẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́ tó ń fà lé ara rẹ̀ bó ti ń lọ. Àwọn ààjà yẹn á máa sún lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí wọn yóò fi dé ibi tí ara apá ti parí lójijì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fọhùn.

Nítorí náà, kí a tó lu ihò kankan, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni bóyá afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ti dàrú. Tí apá bá ń fò nínú afẹ́fẹ́ tó parọ́rọ́, ihò iwájú kò ní ariwo kankan láti dín kù. Àmọ́ nínú ẹ́ńjìnnì bàálù, fáànù ńlá tó wà níwájú ń yí, ó sì ń fi afẹ́fẹ́ dídàrú sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn apá tó dúró sójú kan lẹ́yìn rẹ̀, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tọ́ afẹ́fẹ́ náà sọ́nà, ló ń gba gbogbo rẹ̀ lójú. Ìyẹn wà lára ohun tó ń pariwo jù nínú ẹ́ńjìnnì òde òní. Roy Amiet ni àwọn onímọ̀ ṣì ń padà sí lórí ọ̀ràn etí iwájú. Ìṣirò tó gbé jáde ní 1975 ló jẹ́ kí ènìyàn lè mọ bí ariwo náà yóò ṣe pọ̀ tó, tó bá ti mọ bí ààjà ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó.

Iṣẹ́ ihò

Bí ẹ bá fi àwo pẹlẹbẹ gbá ojú omi, á dún gbàà, omi á sì ta sí yín lójú. Ẹ wá fi asẹ́ gbá omi kan náà pẹ̀lú agbára kan náà. Omi á gba inú ihò kọjá, ìró rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan. Asẹ́ kò gbé ìró kankan mì níbẹ̀. Kò kàn bá omi jà tó bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀dọ̀ ààjà. Bó bá ń sún mọ́ apá líle, kò ríbi gbà. Ara apá kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kankan wọlé, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó wà ní góńgó iwájú gbọ́dọ̀ dúró pátápátá. Ààjà tó ń bọ̀ á fún pọ̀ síbẹ̀, á sì fà gùn bó ti ń yí iwájú roboto náà ká láti bọ́ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀. Bí ààjà bá sì ti fà gùn, ńṣe ni yíyí rẹ̀ máa ń le sí i. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé apá líle kì í kàn gba ààjà bó ṣe wá. Òun fúnra rẹ̀ ń mú ààjà le sí i kó tó kàn án. Èmi rò pé èyí ló yani lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni wọ́n sì máa ń fò jù.

Níbi tí iwájú bá ti ní ihò, afẹ́fẹ́ lè wọlé díẹ̀. Kò pọn dandan kó dúró pátápátá mọ́. Ààjà kò ní fún pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní fà gùn tó bẹ́ẹ̀, fífẹ́ sókè-sódò rẹ̀ kò sì ní le sí i bó ti máa ń le sí i níwájú ohun líle. Lílọ-bíbọ̀ ìfúnpá ara apá á wá dínkù. Ní ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí von Karman ní Bẹ́ljíọ̀mù, Riccardo Zamponi àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé irú apá bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2020. Apá náà nípọn, fóòmù melamine ló sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá kan síwájú rẹ̀ kó máa dá ààjà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé nítòsí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń dúró, fífẹ́ sókè-sódò náà dínkù gidigidi lára apá oníhò ju ti èyí tó le lọ, àti pé nínú àwọn ohùn tó wúwo, tó ń lọ sísàlẹ̀, ni dídínkù yìí ti pọ̀ jù.

Ẹ lè béèrè pé ọ̀pá ńkọ́? Ọ̀pá dára torí pé a mọ ìwà rẹ̀. Láti 1878 ni Vincenc Strouhal ti fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lu wáyà tàbí ọ̀pá, ohùn tó ń dún ń tẹ̀ lé eré afẹ́fẹ́ àti ìnípọn ọ̀pá náà. Ẹ pín eré afẹ́fẹ́ sí ìnípọn ọ̀pá, kí ẹ wá mú ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó bá jáde. Ọ̀pá tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1, nínú afẹ́fẹ́ tó ń sáré mítà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa tú ààjà sílẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Olùwádìí á ti mọ ohun tó ń lu apá, kò ní máa méfò.

Ihò tún ń ṣe iṣẹ́ méjì mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ó ń jẹ́ kí ìfúnpá òkè àti ti ìsàlẹ̀ apá lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ìyàtọ̀ àárín wọn má baà le koko. Bákan náà, bí afẹ́fẹ́ ti ń rá pálá nínú àwọn ihò wẹẹrẹ, ó ń fara gbo ògiri ihò, agbára rẹ̀ díẹ̀ á sì di ooru. Èyí tó kẹ́yìn yìí nìkan ló jọ ti fóòmù ara ògiri.

Kì í ṣe iye ihò

Ohun tó tún ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń rò pé bí ihò bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ rẹ̀ á ṣe dára tó. Fóòmù méjì lè wà tí afẹ́fẹ́ kó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn méjèèjì. Tí ihò inú ọ̀kan bá já síra wọn, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà gbà. Tí gbogbo ihò inú èkejì bá dá dúró bí yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn, ohun líle ni ààjà máa kà á sí, bó tilẹ̀ fúyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tiraka tó kó tó kọjá nínú nǹkan náà ló ṣe pàtàkì. Tí ó bá nira jù, bí igi ló ṣe rí. Tí ó bá rọrùn jù, a ò ní apá mọ́, àwọ̀n la ní.

Àwọn ará yunifásítì ní Cottbus, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ìyẹn Thomas Geyer, Ennes Sarradj àti Christoph Fritzsche, ṣe iṣẹ́ gidi lórí èyí. Ní 2010, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi ohun oníhò ṣe apá, láti orí èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá wẹ́rẹ́ títí dé orí èyí tó ń dí i lọ́nà. Etí ẹ̀yìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ibẹ̀ kan etí iwájú. Inú túnẹ́lì afẹ́fẹ́, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ lu ohun tí wọ́n ń dán wò, ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ máíkì tí wọ́n tò pọ̀ kí kọ̀ǹpútà lè fi ìyàtọ̀ àkókò tí ohùn dé ọ̀dọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó ti wá gan-an. Láìsí ìyẹn, ariwo túnẹ́lì fúnra rẹ̀ á bo ti apá mọ́lẹ̀.

Owó tí ihò ń gbà

Ihò kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ohun tó ń gbé apá ró ni pé ìfúnpá ìsàlẹ̀ rẹ̀ ju ti òkè rẹ̀ lọ. Bí ihò bá la apá já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á máa jò gòkè, agbára ìgbéró á sì máa lọ. Ara tó rí págunpàgun tún ń fa apá sẹ́yìn, epo tàbí iná tí yóò fi rìn á sì pọ̀ sí i.

Págunpàgun yẹn kan náà ń dá ariwo tuntun sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba orí ẹnu ihò kéékèèké kọjá ń hó ṣìnìnìnì, ohùn tó tinrin tó sì ga. Ibí ló ti yẹ kéèyàn fara balẹ̀, torí pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Láàárín 2,000 sí 5,000 Hz, ìyẹn iye ìgbà tí ìfúnpá ń lọ-bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ni etí wa ti mú jù. Olùwádìí lè dín ohùn tó wúwo kù jọjọ, kó wá fi híhó díẹ̀ kún un ní ibi tí etí ti mú, kí ẹni tó ń gbé nítòsí sì máa bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Máíkì á ní ariwo ti dínkù. Ènìyàn á ní irọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni dẹ̀síbẹ̀lì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ń ṣi ni lọ́nà. Bí wọ́n bá ní ariwo dínkù ní dẹ̀síbẹ̀lì 3, ìdajì agbára rẹ̀ ló ti lọ, síbẹ̀ etí kò ní rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ó tó nǹkan bí dẹ̀síbẹ̀lì 10 kí etí tó gbà pé ariwo ti di ìdajì, nígbà tí agbára rẹ̀ á sì ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ohun tó wá burú jù ni pé ẹ̀rọ kan kì í ní orísun ariwo kan ṣoṣo. Bí orísun méjì bá ń pariwo ní dọ́gbadọ́gba, tí ẹ sì pa ẹnu ọ̀kan mọ́ pátápátá, dẹ̀síbẹ̀lì 3 náà ni gbogbo ohun tí ẹ máa rí gbà. Kí ẹ máa rántí èyí nígbà tí ẹ bá rí àkọlé ìròyìn pé wọ́n ti rí ọ̀nà tí bàálù yóò fi dákẹ́ rọ́rọ́. Síbẹ̀, dẹ̀síbẹ̀lì mélòó kan kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń sùn nítòsí pápákọ̀ òfurufú: ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún ilẹ̀ Yúróòpù pé kí ìwọ̀n àpapọ̀ ariwo bàálù tọ̀sán-tòru má kọjá dẹ̀síbẹ̀lì 45, ọ̀pọ̀ àdúgbò sì jìnnà sí i.

Òwìwí ńkọ́?

Kò sí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí tí kì í dárúkọ òwìwí, ẹ jẹ́ kí èmi náà dárúkọ rẹ̀. Ní 1934, Robert Graham tọ́ka sí nǹkan mẹ́ta lára ẹyẹ náà: eyín bíi ti ìyàrun ní etí iwájú apá, òwú wẹ́wẹ́ tó yọ ní etí ẹ̀yìn, àti ìyẹ́ múlọ́múlọ́ tó bo orí apá. Kò sí ihò nínú wọn. Èyí tó bá ihò tan jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìyẹ́ múlọ́múlọ́ náà, torí pé afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Eyín etí iwájú bá ọgbọ́n mìíràn lọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń fi gé etí iwájú bí eyín ayùn tàbí bí ìgbì. Ìyẹn kì í jẹ́ kí ààjà kan náà kan gbogbo etí iwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibì kan á kọ́kọ́ kàn, òmíràn á tẹ̀ lé e, ohùn wọn á sì máa pa ara wọn rẹ́. Ihò ń dín agbára ìkọlù kù, eyín ń tú àkókò ìkọlù ká. A sì lè fi méjèèjì sí ara apá kan.

Ẹ má sì gbàgbé pé òwìwí kì í sáré. Ẹ padà wo ìlọ́po 64 ti Curle: ẹni tó bá lè fò pẹ̀lú ìdajì eré ti dín ariwo kù ní dẹ̀síbẹ̀lì 18 kí ó tó wá ìyẹ́ kankan. Bàálù kò lè ya irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ lò.

Ibi tí mo rò pé ó ti máa kọ́kọ́ wúlò

Etí iwájú ni eruku, kòkòrò, òjò àti yìnyín ń kọ́kọ́ bá. Ihò á dí. Omi tó wọ inú rẹ̀ lè di yìnyín, kó sì fẹ̀. Òjò tó ń lu apá tọ́báìnì afẹ́fẹ́ ní góńgó rẹ̀, níbi tó ti ń sáré jù, ń jẹ àwọn apá líle pàápàá, áńbọ̀sìbọ́sí fóòmù. Nítorí náà èmi kò rí i pé wọ́n máa tètè fi ihò sí iwájú apá ńlá tó gbé bàálù dúró sófurufú.

Àwọn apá tó dúró sójú kan lẹ́yìn fáànù ẹ́ńjìnnì ni mo fọkàn sí. Wọn kì í yí, wọn kò gbé bàálù ró, inú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wà, ibẹ̀ gan-an sì ni afẹ́fẹ́ dídàrú ti ń lu nǹkan láìdábọ̀. Irin tí wọ́n sọ di fóòmù lè fara da ibẹ̀ ju fóòmù lásán lọ. Ọ̀nà tó bójú mu ni kí ihò wà ní iwájú nìkan, kí ògiri líle kan sì wà láàárín rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ jò sókè. Ìṣòro kan ṣì wà níbẹ̀: ibi tí ihò ti parí, tí ara líle ti bẹ̀rẹ̀, etí ni òun náà, ohùn sì lè ti ibẹ̀ jáde bó ti ń jáde ní etí yòókù. Ohun tí wọ́n wá ń dán wò ni kí ẹ̀rọ 3D tẹ ara apá jáde ní àwọ̀n wẹ́wẹ́ tí ihò rẹ̀ tóbi ní góńgó iwájú, tó ń kéré sí i bó ti ń lọ sẹ́yìn, títí tí yóò fi dí pátápátá láìsí ojú ìjápọ̀ kankan tí ààjà lè kọsẹ̀ lé.